Ariwo Tí Roqeeb Kò Gbọ́

Ọkùnrin kékeré náà tún já bọ́.

Roqeeb ń wò ó bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ láti òkè réré, tó ń kọjá lára ẹ̀ka igi tó ti dì mú lẹ́ẹ̀kan, tó ń kọjá lára àkàbà tó gba Roqeeb ní odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ̀ ọ́n gùn, títí tó fi balẹ̀ gbì sórí koríko ibi tó ti kọ́kọ́ gbéra. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà nìyẹn. Kò sí ibi tí èèyàn lè fi àmì sí pé ibí ni mo dé. Ẹni tó bá já bọ́, ilẹ̀ ló ń bá, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́run á san án fún ẹni tó ṣe ọ́," Roqeeb sọ fún fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Orúkọ òyìnbó gígùn kan ni wọ́n sọ géèmù náà, ṣùgbọ́n Gòkè ni gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ń pè é. Kò tíì pẹ́ tó jáde, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jọ géèmù ayé àtijọ́, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń ta nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Gbogbo ohun inú rẹ̀ ló rí onígun mẹ́rin bíi búlọ́ọ̀kù ilé, orin rẹ̀ kò sì ju "pín-pọ́n, pín-pọ́n" lọ. Ìrísí rẹ̀ nìkan ló jọ ohun ọmọdé o. Ó le koko bí ojú ẹja. Najeem, ọ̀rẹ́ Roqeeb tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì àṣejáde, ti ju fóònù mọ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí rẹ̀, ó ti búra pé òun kò ta á mọ́, ó sì ti tún padà sídìí rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, màá ní ẹnì kan ló ṣẹ ẹni tó ṣe géèmù yìí ní kékeré, tó wá ń gbẹ̀san lára ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó so Roqeeb mọ́ ìdí Gòkè yàtọ̀ sí ti Najeem. Najeem fẹ́ dé orí òkè kó lè fi yangàn. Ní ti Roqeeb, ìbínú ló ń wá.

Ó ń wá a, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Afọlábí bàbá rẹ̀, kò sí ohun tó ń dùn ún, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá rẹ̀ sunkún, Fàdìlàt ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, àmọ́ òun ń gbé omi fún àlejò. Àwọn àgbà agbo ilé ń gbá a léjìká, wọ́n ń ní, "Ọkùnrin ni ọ́." Kò sọ fún ẹnì kan pé kì í ṣe akin ni òun ṣe. Inú òun ló kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́, tí wọ́n bá já a léèékánná kò ní mọ̀. Ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ń kírun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin inú géèmù bá já bọ́, nǹkan kan máa ń gbóná díẹ̀ láyà rẹ̀. Ìbínú ni. Ó kéré, kì í sì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ.

"Roqeeb!"

Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé òròmọdìẹ, ó ti wọ híjáàbù ìjáde rẹ̀, ó sì gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Mò ń lọ sí Òṣogbo lọ ra oògùn àwọn ọmọ yìí. Fàdìlàt ò ní tètè dé láti Pólì. Ìwọ nìkan ló wà nílé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"Gbé ojú kúrò lára nǹkan yẹn tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó gbé e kúrò.

"Ojú ọ̀run ti ṣú. Tí òjò bá dé, kó èédú sí ìkòkò méjèèjì, fa tápólì ojú fèrèsé wálẹ̀, kí o fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀. Má jìnnà sí wọn. Etí ni bàbá rẹ fi ń sìn wọ́n, kì í ṣe ojú. Máa gbọ́ wọn."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí nílé náà. Iṣẹ́ Afọlábí nígbà ayé rẹ̀ ni kó gba òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin lọ́wọ́ àwọn olóko, kó tọ́jú wọn nínú ooru títí wọn yóò fi hu ìyẹ́ gidi, kó sì dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Òròmọdìẹ kékeré kò ní ìyẹ́ tó lè gba òtútù dúró. Ìkòkò èédú tó ń jó ni ìyá wọn. Afọlábí kì í lo ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Yóò jókòó sẹ́yìn ògiri, yóò dijú, àwọn tó ń kọjá yóò sì rò pé ó ń sùn. Bí òròmọdìẹ bá ń han gooro, òtútù ń mú wọn. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ara bá rọ̀ wọ́n, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà. "Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan rárá," Afọlábí máa ń wí, "ẹ sáré."

Lẹ́yìn tó kú, ilé òròmọdìẹ wà ní títì ní gbogbo ìgbà tí ìyá Roqeeb fi wà nínú tàkàbá, oṣù mẹ́rin ó lé tí opó mùsùlùmí fi ń jókòó sílé. Bọ̀ọ̀dá Teslim, àbúrò olóògbé, ní kí wọ́n sọ ilé náà di ṣọ́ọ̀bù, pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ìyá Roqeeb kọ̀. Bó ṣe bọ́ aṣọ opó báyìí, ó gba kẹ̀kẹ́ lọ bá Màdáàmù Olúfúnkẹ́, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, tó sì ní oko adìẹ lọ́nà ìlú Ara. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní òròmọdìẹ sìn bó ṣe máa ń fún ọkọ òun. Màdáàmù rò ó títí. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan ná," ló fi dáhùn. Òròmọdìẹ ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló wà nínú ilé báyìí. Bí wọ́n bá yè, iṣẹ́ Afọlábí kò kú. Bí wọ́n bá kú, Bọ̀ọ̀dá Teslim ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀.

Roqeeb mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ ọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mọ ìdáhùn ìdánwò: ó wà lórí, kò kàn dé ọkàn ni.

Ìyá rẹ̀ kò tíì lọ jìnnà tí òjò fi dé. Roqeeb ṣe ohun tí wọ́n rán an, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó kó èédú sí ìkòkò, ó fẹ́ ẹ títí tó fi pọ́n, ó fa tápólì wálẹ̀, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Àwọn òròmọdìẹ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn wọn, ó sì yọ fóònù.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọkùnrin kékeré náà gun ẹ̀ka igi, ó gun àkàbà, ó fò kọjá àwọn òkúta tó ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó dé ibi tí àwọn ọmọ kíláàsì ń pè ní Ẹnu Afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn kan ń fẹ́ níbẹ̀ tí ojú kò rí. Kó tó fẹ́, yóò súfèé fẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ìfé náà nìkan ló lè tètè di àpáta mú. Najeem ti kìlọ̀ fún un: "Ọ̀rẹ́, tí o ò bá ki íápíìsì bọ etí, o ò lè kọjá ibẹ̀ láéláé." Òjò sì ń lu páànù bí ẹni tó ń da òkúta sí i. Roqeeb gbé fóònù mọ́ etí, kò gbọ́ ohunkóhun.

Íápíìsì wà lápò rẹ̀. Ó mú un jáde, ó sì wo ilẹ̀kùn ilé òròmọdìẹ. Ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ wí. Ó kọ́kọ́ ki ẹyọ kan bọ etí ọ̀tún, ó fi etí òsì sílẹ̀ fún àwọn òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n ariwo òjò gba etí òsì wọlé, ó bo ìfé náà mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin náà já bọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èédú sí i ni."

Ó ki èkejì bọ etí.

Kò gbọ́ òjò mọ́. Kò sí ohun tó kù láyé bí kò ṣe pín-pọ́n, ìfé, àti ọkùnrin onígun mẹ́rin kan lára àpáta. Atẹ́gùn súfèé, ó di àpáta mú. Ó tún súfèé, ó tún dì í mú. Ìgbà kan wà tó yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, tí ara Roqeeb gbóná, tó fi eyín tẹ ètè, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá ara rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ìjì gbé tápólì, tó sì ti òkúta ìdí rẹ̀ dànù. Kò mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ìkòkò èédú. Àwọn òròmọdìẹ han gooro, wọ́n han títí. Ọmọ tí wọ́n ní kó máa gbọ́ wọn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò gbọ́.

Ó dé orí òkè.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kékeré kan ni, koríko díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà rìn dé àárín rẹ̀, ó jókòó. Oòrùn onígun mẹ́rin yọ. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan jáde pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó dé. Ó parí.

Roqeeb ń retí. Ó ti rò pé inú òun yóò dùn, pé òun yóò fò sókè, pé òun yóò pe Najeem lójú ẹsẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ìbínú pàápàá ti lọ. Ó yọ íápíìsì kúrò létí, òjò ti dá, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé òun kò gbọ́ ohùn òròmọdìẹ kankan.

Ó sáré ṣílẹ̀kùn. Atẹ́gùn tútù ló pàdé rẹ̀. Tápólì ń fì dirodiro lójú fèrèsé. Ìkòkò méjèèjì kún fún eérú tó ti rẹ. Àwọn òròmọdìẹ ti sá fún atẹ́gùn, wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, oníkálukú ń wá ooru lábẹ́ ẹnì kejì, àwọn tó wà lókè sì gun àwọn tó wà nísàlẹ̀ pa. Roqeeb kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó wọn kúrò lórí ara wọn. Àwọn tó wà lókè ṣì ń mí. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń tutù sí i.

Kò sunkún. Ó wá èédú gbígbẹ, ó dá iná tuntun, ó so tápólì padà, ó kó àwọn tó ṣì ní ẹ̀mí sínú páálí, ó fi aṣọ ìbora rẹ̀ yí wọn ká, ó gbé wọn sún mọ́ iná. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó kú pọ̀ ju àwọn tó yè lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òjò ni, Màámi. Ìjì ló gbé tápólì."

Ẹ wò ó, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ìjì jà lóòótọ́. Irọ́ tó bá wọ ẹ̀wù òótọ́ ló burú jù, nítorí ẹni tó pa á lè sùn lé e lórí.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta kan nílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Èmi ni," ó wí. "Bàbá rẹ máa ń fi okùn so ó ni. Mo rò pé òkúta tó." Ó gbé òkúta náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ǹ bá má ti lọ sí Òṣogbo. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, Roqeeb. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́ ni."

Roqeeb gbọ́, ó sì ń fi èédú kún iná.

Kò pẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá Teslim dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àánú wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń wo ilẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Fàdìlàt. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ yìí wà, Ẹ̀gbọ́n sì ti gbé e lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi," ni ìyá Roqeeb dá àbúrò ọkọ rẹ̀ lóhùn. "Ẹ ní kí bíríkìlà máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Màdáàmù."

Ó pe Màdáàmù Olúfúnkẹ́, ó sì ṣí fóònù náà kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Fàdìlàt ni. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ti kú. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní gba ti ẹnikẹ́ni mọ́."

Kò sí omijé nínú ohùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un. Roqeeb gbé orí sókè, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ ohùn yẹn. Ohùn tí òun fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn láti ọjọ́ ìsìnkú ni. Ohun tó sọ inú òun di òkú ti fẹ́ mú ìyá òun, láti ọwọ́ òun ló sì ti fẹ́ kó o bí àrùn.

"Kì í ṣe Màámi!" ó ké. "Màdáàmù, kì í ṣe Màámi, mà. Èmi ni. Mo ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, mò ń ta géèmù. Wọ́n ké, mi ò gbọ́. Ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá ti so tápólì náà kí iná tó kú." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Iná tí ẹ ní kí n dá dáa, Màámi. Ibi tí ẹ gbé ìkòkò sí dáa. Kí òjò tó le, ara rọ̀ wọ́n, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n."

"Géèmù?" Bọ̀ọ̀dá Teslim ti na ọwọ́ sókè. "Géèmù lo ń ta, tí ìyá rẹ ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú rẹ?"

Ìyá Roqeeb bọ́ sáàárín wọn. Ó dúró síbẹ̀ títí ọwọ́ náà fi wálẹ̀.

Màdáàmù Olúfúnkẹ́ mí kanlẹ̀ lórí fóònù. "Ìyá Fàdìlàt, mi ò ní tàn yín. Mi ò lè kó òmíràn fún yín báyìí. Ó dùn mí gan-an. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n wà nídìí iná, mà."

"Ẹ bá mi tọ́jú wọn. Tí àwọn yẹn bá hu ìyẹ́, a ó tún jọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣeun, mà." Ìyá Roqeeb pa fóònù, ó sì wo àbúrò ọkọ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní kí bíríkìlà dúró ná."

Lẹ́yìn tí Bọ̀ọ̀dá Teslim lọ, ìyá àti ọmọ jọ kó àwọn tó kú lọ sin sẹ́yìnkùlé. Roqeeb gbẹ́ ilẹ̀, ìyá rẹ̀ ń tò wọ́n. Kò bá a wí.

"Ẹ nà mí, Màámi."

"Tí mo bá nà ọ́, á dùn ọ́ di àṣálẹ́, wàá sì rò pé o ti san án. Mi ò nà ọ́."

Roqeeb na fóònù sí i. "Ẹ gbà á, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Mú un dání. Fóònù kọ́ ló ki nǹkan bọ etí rẹ." Ó bu iyẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí. "Ọkùnrin inú rẹ̀ yẹn, tó bá já bọ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó máa ń dìde, Màámi. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, ó sì wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, èmi ò ní kí ẹ má ta géèmù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gígun òkè tó le. Ṣùgbọ́n inú fóònù nìkan ni ẹni tó já bọ́ ti ń dìde lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́ nílé, tó ní ẹ̀mí, tó ní ohùn, ó lè má dúró dè yín kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ má baà ru ẹrù yín. Bí ìbànújẹ́ bá wà nínú yín, ẹ má ki nǹkan bọ etí kí ẹ má baà gbọ́ ọ. Ẹni tó bá di etí sí ẹkún tirẹ̀ kò ní gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Roqeeb jókòó sínú ilé òròmọdìẹ pẹ̀lú àwọn tó kù. Òtútù kò tíì kúrò lára wọn, wọ́n ń han gooro. Ohùn kọ̀ọ̀kan ń gún un. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dijú tẹ́tí sí wọn, òun náà dijú. Ó fi èédú kún iná, ó fẹ́ ẹ, ó tún jókòó. Díẹ̀díẹ̀, ariwo náà ń rọlẹ̀, ó ń di ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ̀ ń dáná lọ́wọ́ lẹ́yìn ògiri. Ó gbọ́ nǹkan, ó dá ọwọ́ dúró.

"Roqeeb! Ṣé wọ́n tún ń ké ni?"

Roqeeb fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Rárá, Màámi. Ara ti rọ̀ wọ́n. Èmi ni."